Òórùn Tí Imú Wa Ò Gbọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilé àwọn òbí mi ní òórùn kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Éjẹ́ńtì tó fẹ́ bá wa ta ilé náà ni. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó fa èémí símú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí dókítà ń yẹ àyà rẹ̀ wò, ó wá ní:

“Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ilé yín ní òórùn kan.”

“Òórùn kí ni?”

“Òórùn… ṣáà ni.”

Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yábàá láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ṣì ń wọ nápí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ “ṣáà ni” síwájú mi, bírò pupa ni màá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ilé kì í yọ bírò pupa sí éjẹ́ńtì. Mo fa èémí símú tèmi náà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún fà á. Afẹ́fẹ́ ilé wa lásán ni, bó ṣe wà láti kékeré mi.

Mo yíjú sí ìyá mi, tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. “Màámi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ òórùn kankan?”

“Mò ń gbọ́ ọ,” ló wí. “Lọ́fíńdà tí ọmọkùnrin yìí dà sára ni. Ó ti fẹ́ pa mí.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí ilé títà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Súrùlérè, tí bàbá mi kọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń fi owó oṣù kọ́lé. Ṣọ́ọ̀bù méjì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà nísàlẹ̀, òkè là ń gbé. Bàbá ti kú láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa ọmọ ti lọ sílé ọkọ àti ilé ìyàwó, ó wá ku ìyá mi nìkan lókè. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín òun àti ilẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹrin, Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó fi rí ògiri dì mú. Láti ọjọ́ náà, ìdí ló fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe rí: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó ti fi pàṣán bá ìdajì àwọn àgbà Súrùlérè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, á wé gèlè, á fi pọ́ọ̀sì kọ́ ọrùn, á jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, á wá máa fi ìdí wọ́ láti ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì. Á ní kí n kọjú sí ògiri. “Má wò mí.” Èmi náà á kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà, màá máa ka ìró ìdí rẹ̀ nínú ọkàn mi, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí yóò fi dé ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró. Ó ní ìwàásù wọn ti gùn jù. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ìwàásù.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ṣágámù ló rí ọ̀nà àbáyọ: ilé ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé tirẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ẹni tó ni ín ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó ní òun á dúró dè wá di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ rà á. A ò sì lè ra ti Ṣágámù láìta ti Súrùlérè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù, ilé wa sì ń rùn “ṣáà ni”.

Mo mú ògì lọ́daràn.

Ìyá mi kì í mu ògì ọjà. Ní Mọ́ńdè ni wọ́n ń bá a rẹ àgbàdo, ní Wẹ́sídeè ni wọ́n ń bá a lọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sẹ́ ẹ. Tó bá fi máa di Fúráídeè, omidùn ti kan, ó ti ń hó wúyẹ́wúyẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ẹni tí kò bá mọ ògì lè rò pé eku kan ti kú síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì sunkún rẹ̀.

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká sinmi ògì fún oṣù kan péré.”

“Ṣé ògì ni wọ́n fẹ́ rà ni, àbí ilé?”

“Ilé ni, mà. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn ògì.”

“Àwọn tó fẹ́ ra ilé yìí, wọn ò mu ògì rí láyé wọn? Láti orí ọmú ni wọ́n ti bọ́ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?”

Ó gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀san rẹ̀. Mò ń ra ògì fún un ní Sábó tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àràárọ̀ ló máa ń bu ṣíbí kan, á fi sẹ́nu, á gbé ṣíbí kalẹ̀, á ní “Ó dáa,” pẹ̀lú ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ níwájú òbí ọmọ tó gbé odindi ìpò ìkẹyìn délé. Ó sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí fóònù. “Ọmọ mi ti fòfin de ògì nínú ilé mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí àgbà náà ni. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún un.”

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì lọ sílé ara mi. Mo ra òògùn apakòkòrò, irú èyí tó máa ń sọ omi di funfun bíi wàrà, mo fi fọ ilẹ̀, mo fi nu ògiri, mo dà á sí balùwẹ̀, mo dà á sí gbogbo ihò tí omi ń gbà lọ. Ojú mi pọ́n, ọwọ́ mi bó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní mò ń ta ilé.

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ọkọ fẹ́ràn tẹ́ǹkì omi, ó fẹ́ràn géètì. Ìyàwó di báàgì mọ́ àyà, ó rọra ń rìn láàárín yàrá bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí èèyàn lórí ibùsùn, ó wá dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní aláìsàn nílé ni?”

Ìyá mi dáhùn láti orí àga rẹ̀: “Orúnkún nìkan ni.”

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn á pè wá. Títí di òní ni mo ṣì ń retí fóònù wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ka èyí, ẹ má tijú, ẹ pè, ká ṣáà kí ara wa.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, éjẹ́ńtì mi orí. “Àǹtí mi, ẹ ti sọ ọ́ di ọsibítù. Òórùn àkọ́kọ́ yẹn sì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Òórùn bíi kí ni, ní orúkọ Ọlọ́run?”

“Ṣáà ni.”

Díẹ̀ ló kù kí n ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè.

Òun ló wá dábàá tùràrí. Ó ní wọ́n jó o níbì kan tí òun tà, ilé náà ò pé ọ̀sẹ̀ kan lórí àtẹ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n obìnrin ni mí, mo ní tùràrí nìkan ò lè ṣe é. Mo yà ní Sábó, mo ra káńfọ̀ páálí méjì, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí a máa ń tì sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Lójú tèmi, káńfọ̀ kì í ṣe òórùn rárá. Bí ìmọ́tótó ṣe máa ń rí nínú imú nìyẹn. Mo fi sẹ́yìn kọ́tìnì, mo fi sábẹ́ àga, mo fi sí balùwẹ̀. Inú ìyá mi dùn nígbà tó rí i. “Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú,” ló ní. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé títà ti bẹ̀rẹ̀, a ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, àfi ọjọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí n óò fi sí. “Igun ibẹ̀ yẹn. Ó tún ku ọ̀kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.” Mẹ́rìnlélógún ni mo pín káàkiri ilé.

Ní àárọ̀ Sátidé, éjẹ́ńtì mú Àlùhájì kan wá láti Múṣin. Awọ àti fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe àga ló ń tà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà sísàlẹ̀, ó fi ìka kan ògiri ko-ko-ko bó ṣe ń gòkè, ó ń mi orí, ògiri náà dùn mọ́ ọn. Lókè, mo ti pa gbogbo fèrèsé dé kí òórùn dídùn má baà sá lọ. Mo ti fa kọ́tìnì. Èéfín tùràrí ń rọra gòkè láti inú àwo lórí ilẹ̀.

Àlùhájì wọ pálọ̀, ó sì dúró gbagidi. Ó ṣí fìlà.

“Ínnálíláhì,” ló ní. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Àǹtí. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Ẹ bá jẹ́ kí a mọ̀, à bá sún ọjọ́ wíwò yìí síwájú.”

“Fún ta ni, sà?”

“Ẹni tó papòdà.”

Mo wo éjẹ́ńtì, éjẹ́ńtì wo mí. Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn yàrá fi ṣí nínú òkùnkùn ọ̀nà àárín ilé, tí ìyá mi jáde pẹ̀lú bùbá funfun tó fi ń sùn, tó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ gbọ̀-gbọ̀ bọ̀ wá.

“Ta ló kú?” ló bi wá.

Ẹ̀yìn ni Àlùhájì fi lọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kan àwo tùràrí, iná dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi àti éjẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pa bí ẹni ń jó.

Ìyá mi wò wá títí a fi parí. Ó ní, “Ó jọ pé èmi ni.”

A ṣí fèrèsé, a fún Àlùhájì lómi, ó mu ún, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá là á yé mi. “Ẹ jókòó, Àǹtí. Mo wà lára àwọn tó ń wẹ òkú ní mọ́sálásí wa, ó ti lé lógún ọdún. Káfúrà là ń pò mọ́ omi ìkẹyìn, ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é ní káńfọ̀. Òórùn rẹ̀ la máa ń mọ̀ ká tó wọlé. Tùràrí là ń jó sí inú yàrá náà. Ohun tí ẹ tò sínú pálọ̀ yìí, ó pé pérépéré. Òkú nìkan ló kù.”

“Mo sì ti jáde,” ni ìyá mi wí.

Àlùhájì tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó ní ilé náà wu òun. Ògiri rẹ̀ le, omi rẹ̀ mọ́, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn sí ọjà òun. “Àmọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún Ọlọ́run yẹn, tí mo bá ṣe é tán, mo máa ń fẹ́ délé kí n gbàgbé. Mi ò lè sùn sínú òórùn yìí. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ ní í gun àtẹ̀gùn yẹn tán. Tó bá kúrò pátápátá, ẹ pè mí, màá mú un wá. Ẹ sì má fi nǹkan míì bò ó o. Ilé tí wọ́n bá ti ń da òórùn dídùn sí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún wa.

Mo ní ìyẹn ò le. Mẹ́rìnlélógún ni mo fi sílẹ̀, mẹ́rìnlélógún ni mo kó. Mo ṣí gbogbo fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta. Éjẹ́ńtì dé, ó dúró sí ibi tó máa ń dúró sí, ó fa èémí.

“Àǹtí mi…”

“Má sọ ọ́.”

“Ó wà níbẹ̀. Òórùn àkọ́kọ́ náà ni. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, mà. Káńfọ̀ ni. Káńfọ̀ ni láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ wá.”

Mo jókòó. Ó túmọ̀ sí pé òórùn tí mò ń lé kiri láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun gan-an ni mo lọ fowó ara mi rà kún un ní Sábó. Ó tún túmọ̀ sí ohun mìíràn, torí láti kékeré wa ni ìyá mi ti ń fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ gbogbo wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Àpótí ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Mo rò pé torí mo kúrú tí mo sì fẹ̀ ni. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń gbé ẹ̀bà tì, tí mò ń na ara mi mọ́ férémù ilẹ̀kùn kí n lè ga. Ṣé ẹ wá rí i, torí pé mò ń rùn bí inú àpótí ni!

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. “Nígbà tá a pàdé, ṣé mo máa ń rùn káńfọ̀?”

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Mo rò pé lọ́fíńdà ẹ ni.”

“O sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?”

“Mo rò pé ó máa tán.”

Mo pa fóònù. Mo sọ fún éjẹ́ńtì pé kó wá orísun rẹ̀ fún wa, torí imú tirẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tẹ̀ síwájú, imú rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ lọ, ó yẹ kíṣìnì wò, ó yẹ yàrá àlejò wò, ó dé ẹnu yàrá ìyá mi, ó dúró. “Ibí ni.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni ìyá mi ké láti pálọ̀. Ó yá jù. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti ń fa nǹkan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí onírin méjì. Nígbà tí mo ṣí èyí àkọ́kọ́, ojú éjẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Aṣọ bàbá mi ni. Kóòtù tó ń wọ lọ síbi iṣẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀, tí wọ́n lọ̀ tó ṣì ní ìlà. Bùbá, dàńṣíkí, táì tí wọ́n ká bí ìgbín. Láàárín aṣọ kọ̀ọ̀kan, káńfọ̀: tuntun lórí àtijọ́, àwọn mìíràn ti jó kù bí ẹ̀wà, ìsàlẹ̀ àpótí kún fún ẹ̀rún funfun.

Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, “Màámi, ẹ sọ fún wa pé ẹ ti pín aṣọ wọn fún mọ̀lẹ́bí.”

“Mo pín.”

“Mélòó?”

“Fìlà kan.”

“Kí lẹ wá fẹ́ fi ìyókù ṣe?”

“Mi ò fẹ́ fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Ṣé wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè ni?”

Gbogbo omi apakòkòrò, gbogbo ọwọ́ bíbó, gbogbo “ṣáà ni” ló pọ̀ jù fún mi. Mo pariwo, àgbà obìnrin bíi tèmi, lórí ìkúnlẹ̀. “Oríṣiríṣi èèyàn ló ń wá tó ń lọ! Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé mọ́! Ẹ̀ ń fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún nítorí ṣòkòtò!”

Éjẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyá mi ò pariwo padà. Ó ní, “Ìwọ tí mo ní kó o kọjú sí ògiri, ta ló ní kó o máa kà á?”

Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé kóòtù náà. Ó tún un ká. Ó wá ní ká gbé wọn bọ́ síta, sí bákónì, kí oòrùn pa wọ́n, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé.

Oòrùn wo? Òjò ń rọ̀ ní Èkó lọ́sẹ̀ náà bí ẹni pé èmi ló ń gbógun tì. Mo sá aṣọ, òjò dé, mo kó o wọlé. Òjò dá, mo tún sá a. Obìnrin tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa na ọrùn jáde lójú fèrèsé: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni kóòtù yẹn?” Ìyá mi dá a lóhùn láti orí àga: “Ọkọ mi ni!” Obìnrin náà ti fèrèsé rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Mo gbé èédú sínú àwo káàkiri yàrá kó lè fa òórùn mu. Ìyá mi wò ó. “Àgbàdo tí o ò jẹ́ kí n fi ṣe ògì, ṣé a fẹ́ sun ún ni?” Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nu inú wọ́dúróòbù. Mo gbé tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì dúró sẹ́nu fèrèsé, kò síná tí fáànù ì bá fi fẹ́ sí i, mo ń fi ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, éjẹ́ńtì á dé, á fa èémí, á sì fún mi ní máàkì. Òun ló ń fún èmi ní máàkì!

“Mẹ́rin nínú mẹ́wàá, Àǹtí mi.”

Lọ́jọ́ kejì: “Márùn-ún. Ẹ̀ ń gbìyànjú.”

Ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ láti àárọ̀: “Mẹ́rin.”

“Báwo ló ṣe lè jẹ́ mẹ́rin?” ni ìyá mi bi í. “Tún imú ẹ fọn, kó o tún un fà.”

Ó fọn ọ́n lóòótọ́, ó tún un fà. Mẹ́rin náà ni. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé e padà wọlé láti bákónì, pé níwọ̀n ìgbà tí aṣọ wọ̀nyẹn bá ṣì wà nínú ilé, òun ò rí ibi tí márùn-ún yẹn fi máa di mẹ́wàá. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá mi. Mo ti pariwo tán. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé ògì dé, mo bá a tó ti ká gbogbo aṣọ náà padà sínú àpótí, ó ti tò wọ́n bó ṣe wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nítorí ìdúró. Mo gbé ògì kalẹ̀.

“Pe àbúrò ẹ,” ló ní. “Kó fi ọkọ̀ wá gbé wọn lọ sí Ṣágámù. Bàbá yín ló máa ń ṣíwájú dé gbogbo ibi tí a bá ń lọ. Kó ṣíwájú náà.”

“A ò tíì ra ilé Ṣágámù, mà.”

“Ìyẹn á jẹ́ kó o tètè ta èyí.”

Àbúrò mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti rẹ̀ gbé àpótí méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi dúró lókè, ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó àbúrò mi fi pè mí. “Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àbúrò yín yìí gbé sínú gáréèjì mi? Torí àwọn adìyẹ mi ti sá jáde.” Mo ní kó bi ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, éjẹ́ńtì fún mi ní mẹ́sàn-án.

“Kí ló jẹ ọ̀kan tó kù?”

Ó tijú díẹ̀. “Ẹ̀yin ni, mà. Aṣọ ọrùn yín.”

Mo lọ sílé, mo lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí nígbà tí Àlùhájì mú ìyàwó rẹ̀ wá. Gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀. Kò sí tùràrí, kò sí òògùn, kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi imú ka ilé bí ẹni ń ka ìwé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti orí bọ wọ́dúróòbù. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó rí ibi tí iná tùràrí jó, ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo òkè. Mo tún kápẹ́ẹ̀tì náà tẹ́. Ó wọ yàrá ìyá mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde.

“Kò sí nǹkan kan níbí,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi àtàǹpàkò pa orí ọ̀pá rẹ̀. “Èmi náà ń gbọ́ ọ,” ló ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. “Kí lẹ̀ ń gbọ́, mà?”

“Pé kò sí i mọ́.”

Àlùhájì ní ká pe lọ́yà, ká bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó sì san àsansílẹ̀ owó. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi sáré lọ bá onílé Ṣágámù, ó bá a tó ti ń di ẹrù, ó sì fi owó náà dá a dúró.

Ọjọ́ tí a kó kúrò, a gbé àga, a gbé bẹ́ẹ̀dì, ó wá ku ìyá mi. Ó wé gèlè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mo yíjú sí ògiri bí mo ti máa ń ṣe.

“Má kọjú síbẹ̀ mọ́,” ló ní. “Wá mú pọ́ọ̀sì mi dání. Kà á síta, kí n gbọ́.”

Mo kà á. Mo kà á bí olùkọ́ ṣe ń kà á níwájú kíláàsì, láti ọ̀kan dé ẹẹ́tàdínlógún, èyí tó kẹ́yìn ni a jọ pariwo rẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ jáde wá wò wá.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí i ní Ṣágámù. Mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mi ò tíì kàn án lẹ́ẹ̀kejì tó fi ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, lórí ìdúró, ó ti rìn wá láti kíṣìnì, ṣíbí ògì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan sì jáde pẹ̀lú rẹ̀ láti inú ilé, ó gbá mi nímú, ó gba ojú mi, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo máa gbọ́ ọ.

“Màámi!”

“Kí ló dé?”

“Níbo lẹ gbé àpótí yẹn sí?”

“Nínú ilé mi ni,” ló ní, ó sì yí padà, ó ń rìn lọ níwájú mi lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. “Tilẹ̀kùn, ògì ti ń tutù.”

Mo fún ilé náà ní òdo nínú mẹ́wàá, mo sì wọlé.